Bí Ògiri Ò Bá Lanu: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Ẹ̀ka Apápá àti Ajégúnlẹ̀ Sọ

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé tó kọjá sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá. Mi ò ní pẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Apápá mọ àwọn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ nǹkan báyìí. Ọ̀kan ń wo bí òtútù ṣe tó nínú kọ̀ǹténà ẹja, òmíràn ń wo iye epo tó kù nínú táǹkì, òmíràn ń sọ ibi tí tírélà dé. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Kò sí wáyà láàárín wọn. Ọ̀kan á gba ìròyìn lọ́wọ́ èkejì, á tì í síwájú, títí yóò fi dé ọ́fíìsì.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: ìta ni wọ́n ń sùn, kò sí mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ wọn. Olè lè yọ ọ̀kan, kó tú u, kó jí kọ́kọ́rọ́ àṣírí inú rẹ̀, kó sì dá a padà sáyè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, irọ́ ló ń pa, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ ilé ló fi ń pa á. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Kí làwọn onímọ̀ wá ṣe sí i?

Èkíní, wọn kì í fún gbogbo ẹ̀rọ ní kọ́kọ́rọ́ kan náà. Méjì tó bá ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní tiwọn lọ́tọ̀. Bí olè bá jí ọ̀kan, kò tíì jí gbogbo ilé.

Èkejì, wọn kì í gba ẹ̀rọ kan ṣoṣo gbọ́. Ká ní ẹ̀rọ márùn-ún ló ń wo táǹkì dísẹ́ẹ̀lì. Mẹ́rin ní lítà 1,000 ló kù. Èyí tí olè ti bà jẹ́ ní 6,000. Bí ọ́fíìsì bá ro ó pọ̀, tó pín in sí márùn-ún, 2,000 ló máa kọ sílẹ̀, lítà 1,000 á sì wọlẹ̀ láìsí ẹni tó bèèrè. Ṣùgbọ́n tó bá to iye wọn láti kékeré dé ńlá, tó mú èyí tó wà láàárín gan-an, 1,000 ló máa rí. Irọ́ ẹnì kan ò lè yí i, àfi bí òpùrọ́ bá ju ìdajì lọ.

Ẹ̀kẹta, bí ọ̀kan bá ń sọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ò rí, wọ́n á fagi lé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́n á sì kéde fáwọn yòókù kí wọ́n má dá a lóhùn mọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní NotPetya wọ Maersk, àwọn tó ni APM Terminals tó ń darí èbúté kọ̀ǹténà Apápá. Sọ́fítíwíà ìṣírò owó kan tí gbogbo èèyàn fọkàn tán ní Ukraine ló gbà wọlé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Kọ̀ǹpútà 45,000 ni wọ́n ní láti tún tò. Ohun tó kó wọn yọ ni kọ̀ǹpútà kan ní Ghana tí iná ti lọ kí kòkòrò tó dé! Òṣìṣẹ́ kan wọkọ̀ òfurufú gbé háàdì dírááìfù rẹ̀ wá sí Nàìjíríà níbí, ẹlòmíràn gbà á ní pápákọ̀, ó gbé e lọ sí London.

Àwa náà ńkọ́? Gúrúùpù WhatsApp wa yìí, bákan náà ló rí. Ẹ rántí arákùnrin wa ní Ajégúnlẹ̀ tó ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọ fóònù rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, "òun" ló ń bẹ̀ wá lówó ọsibítù. Ìyá wa kan fi owó ọjà rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀bi gbogbo wa ni, torí kò sẹ́ni tó pe arákùnrin náà gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi PIN tiyín sí WhatsApp yín lónìí, ẹ má sì ka nọ́ńbà tó bá wọlé fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe èmi. Bí ọ̀rọ̀ owó bá dé, ẹ pe onítọ̀hún, kí ẹ tún bi ẹni méjì tó ń gbé nítòsí rẹ̀. Ẹ̀yin admin, ẹ má tijú: ẹ yọ nọ́ńbà náà kíá, ẹ kéde. Tí olóhun bá gba nǹkan rẹ̀ padà, a ó gbà á wọlé tayọ̀tayọ̀.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìlú wa á gòkè o.