Ọkọ̀ inú páìpù tí kò ní afẹ́fẹ́: Ṣé ó lè gbé èèyàn láti Libreville dé Franceville láìséwu?



Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin rí ní Owendo, létí Libreville, tó ń lọ sí Franceville, mọ̀ pé ìrìnàjò náà kì í ṣe eré ọmọdé. Ojú irin yìí gùn tó 648 kìlómítà, àárín igbó kìjikìji ló sì gbà kọjá. Ó lè gba òru mọ́jú, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà irin kan ṣoṣo ni. Tí ọkọ̀ tó kó máńgáníìsì láti Moanda bá pàdé ọkọ̀ èrò, ọ̀kan gbọ́dọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èkejì tó kọjá.

Abájọ tí kò fi ní yani lẹ́nu bí ọ̀dọ́ kan ní ọjà Mont-Bouët bá wo fídíò hyperloop lórí fóònù rẹ̀, kó sì béèrè pé kí ló dé tí Gabon ò kúkú pa ojú irin àtijọ́ tì kó ṣe èyí. Ó ṣe tán, ọ̀pọ̀ ìlú wa ni kò rí wáyà tẹlifóònù rí kí fóònù alágbèéká tó dé bá wọn. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹni tó bá gun ọ̀kadà tó ń sáré mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti èèyàn sẹ́yìn. Bí eré bá ṣe pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á máa le sí i. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń rò ni pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ sínú páìpù ńlá, kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde débi pé díẹ̀ ló máa ṣẹ́kù, kí òòfà sì gbé ọkọ̀ náà kúrò nílẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó ń dá a dúró, ó lè sáré bíi bàálù.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Robert Goddard, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì, ti ronú nípa rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Àmọ́ ọdún 2013 ni ariwo rẹ̀ gba ayé kan, nígbà tí Elon Musk gbé ìwé jáde pé èèyàn lè ti Los Angeles dé San Francisco láàárín ìṣẹ́jú 35.

Ibo ni wọ́n bá a dé?

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 2020, òṣìṣẹ́ méjì ní ilé-iṣẹ́ Virgin Hyperloop, Josh Giegel àti Sara Luchian, jókòó sínú ọkọ̀ náà ní aṣálẹ̀ Nevada. Páìpù náà gùn tó 500 mítà. Eré tí wọ́n sá jẹ́ kìlómítà 172 ní wákàtí kan. Àwọn awakọ̀ kan lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti sáré tó bẹ́ẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kí wọ́n dán an wò.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ náà ní ẹrù lòun fẹ́ máa kó, kì í ṣe èèyàn mọ́. Ní ìparí ọdún 2023, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Àwọn mìíràn ṣì ń gbìyànjú: páìpù ìdánwò kan wà ní Veendam ní orílẹ̀-èdè Netherlands tó gùn tó 420 mítà, àwọn ará China náà sì ní tiwọn ní Datong. Ṣùgbọ́n kò tíì síbì kankan láyé tí èrò ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ọkọ̀ ojú irin olóòfà ti Japan, tó sá kìlómítà 603 ní wákàtí kan lọ́dún 2015 láìsí pé wọ́n fa afẹ́fẹ́ kankan jáde.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Ẹ mú ike omi tó ṣófo, kí ẹ fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ike náà á rún. Afẹ́fẹ́ tó wà níta ló ń tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí fún páìpù yìí: lórí mítà kan níbùú lóròó, afẹ́fẹ́ ìta á máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹrù tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 10, tọ̀sán tòru, láti Owendo dé Franceville.

Oòrùn tún wà níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ilẹ̀kùn irin tó máa ń há ní ọ̀sán. Irin tó gùn tó 648 kìlómítà, tí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 20 lé sí i, á fẹ̀ tó nǹkan bí 150 mítà. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe oríkèé sí i níbi púpọ̀, kí oríkèé kọ̀ọ̀kan lè máa rìn síwá-sẹ́yìn láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Ti èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Tí ọkọ̀ bá lu, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì jò sínú páìpù, ẹni tó wà níbẹ̀ kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ kó tó dákú. Ní ọdún 1971, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Soviet mẹ́ta ṣe kú nínú Soyuz 11 nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ láti òfuurufú: fáàfù kan ló ṣí. Tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú bàálù, awakọ̀ á tètè sọ̀ kalẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ọkọ̀ inú páìpù kò níbi tó máa sọ̀ kalẹ̀ sí.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní àwọn lè ṣí fáàfù kí afẹ́fẹ́ padà sí apá ibi tí ọkọ̀ wà, kí àwọn sì ṣe ilẹ̀kùn àsálà sí i. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń sá 1,000 kìlómítà ní wákàtí kan nílò ọ̀pọ̀ kìlómítà kó tó dúró, bí wọn kò bá fẹ́ kí èrò ṣubú lu ara wọn. Ta ló sì máa dé ibi ilẹ̀kùn náà láàárín igbó Lopé lóru?

Ilẹ̀ Gabon ńkọ́?

Eré tó tó bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kọ́nà. Òkè àti àfonífojì pọ̀ lọ́nà Franceville, odò Ogooué sì ń lọ́ bí ejò. Ojú irin tó wà níbẹ̀ ń tẹ̀lé odò. Páìpù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n lu òkè, kí wọ́n sì kọ́ afárá lé afárá.

Ilẹ̀ náà kò dúró sójú kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ilẹ̀ ya nítòsí Offoué, ó sì gé ojú irin náà. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, máńgáníìsì kò rí ọ̀nà dé èbúté, èrò náà kò rí ọkọ̀ wọ̀. Síbẹ̀, wọ́n da òkúta síbẹ̀, wọ́n to irin, ọkọ̀ sì tún kọjá. Páìpù tó bá ya níbẹ̀ kò ṣeé fi òkúta dí.

Kò túmọ̀ sí pé ohun ńlá ju Gabon lọ. Ní 1962, wọ́n ta okùn irin láti Moanda dé Mbinda ní Congo, kìlómítà 76, tó ń gbé máńgáníìsì lókè bí ẹyẹ títí di 1986. Báńkì Àgbáyé kọ̀ láti yá Omar Bongo lówó ojú irin, ó wá owó níbòmíràn, ó sì parí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1986. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn mìíràn ti lò pẹ́ ni méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn ti Moanda wà lára àwọn tó gùn jù láyé. Ẹrù ló sì ń kó, kì í ṣe èèyàn.

Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, SETRAG tó ń bójú tó ojú irin náà ti ń yọ igi tí irin náà gùn lé lórí, wọ́n ń fi kọnkéré rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò dùn ún wò nínú fídíò. Tí ẹnikẹ́ni bá sì gbé àwòrán páìpù wá sí Libreville lọ́la, ẹ bi í léèrè pé mítà mélòó ni ti ìdánwò yín gùn, ẹ sì bi í bóyá wọ́n ti kó èèyàn jáde rí láti àárín rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ.