Àbẹ̀wò sí Adó-Àwáyé
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹgbẹ́ ní Ìsẹ́yìn)

Nígbà tí akọ̀wé kọ ìwé sí mi pé kí n wá ròyìn ìrìn àjò tí mo rìn, mo mọ̀ pé ìròyìn ìlú Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí, nítorí ó ti di àṣà láàrin wa pé ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ òfurufú kò tí ì rin ìrìn àjò. A ti gbọ́ nípa àwọn abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lẹ́bàá òkè, pẹ̀lú ìdákẹ́rọ́rọ́ wọn, ògiri olókùúta wọn, àti àgùntàn wọn, títí àwọn kan nínú wa fi mọ orúkọ wọn ju orúkọ abúlé tí a ti bí bàbá wọn lọ. Ìrìn àjò tèmi kò tó 30 kìlómítà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Adó-Àwáyé ni mo lọ.

Kì í ṣe Adó-Èkìtì ni mo wí, kì í sì í ṣe Adó-Odò. Adó tiwa yìí wà lẹ́sẹ̀ òkè, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Ìsẹ́yìn. Bí ènìyàn bá ti fi ariwo ọjà àti ìró òfì àwọn ahunṣọ wa sílẹ̀, pápá yóò tẹ́ lọ rẹrẹ, igi ẹ̀mí àti igi irúgbá yóò máa dá dúró níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń ṣọ́ oko, òkè yóò sì yọ lójijì. Òkúta akọ ni láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ṣàlàyé pé nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni irú àpáta bẹ́ẹ̀ ti dì nígbà láéláé, àti pé ilẹ̀ rírọ̀ tí ó bò ó ni òjò àti afẹ́fẹ́ kó lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọrí síta. Òkè kò dìde. Ilẹ̀ ni ó sọ̀kalẹ̀.

Mo sùn sí ìlú náà ní òru ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá ti ń gbé ìlú ńlá pẹ́ bí èmi yóò kọ́kọ́ rò pé etí òun ni ó di. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ mo gbọ́ ìpè àdúrà, mo gbọ́ àkùkọ, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró odó kan ṣoṣo láti ìkángun ìlú, òkè sì ń dá ìró náà padà.

A kò kọ́kọ́ gun òkè. Ààfin Aláàdó ni a kọ́kọ́ yà sí, nítorí àlejò tí ó mọ ẹ̀tọ́ kì í wọ agbolé kí ó má kí baálé. Níbẹ̀ ni a ti fi bàbá kan tí orí rẹ̀ ti funfun lé wa lọ́wọ́, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, pé kí wọ́n mú wa lọ. Àtẹ̀gùn olókùúta wà nísinsìnyí fún ẹni tí ń gòkè; 369 ni iye tí gbogbo ènìyàn ń pè é. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ṣùgbọ́n kí n tó dé 150 mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, iye náà sì fò mí lórí. Bàbá ń lọ níwájú tòun tọ̀pá bí ẹni tí ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí a dé òkè, tí àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nítorí ẹwà ohun tí ojú wọn rí, Bàbá dúró, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra. Ilé àwọn baba wa ni a wọ̀ yìí.” Mo rò pé òwe ni ó ń pa. Kì í ṣe òwe. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tí òkúta tò lọ gbọọrọ nínú koríko, ó ní ìpìlẹ̀ ilé ni. Orí òkè yìí ni Adó wà nígbà ogun.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi gbé wà. Ẹ mọ ohun tí ojú ilẹ̀ wa rí láàrin 1820 sí 1840, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú lọ. Ní 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, nínú ilẹ̀ Ìsẹ́yìn kan náà yìí. Odi yí ìlú náà ká, síbẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ìlú ti fọ́, wọ́n sì ti so ọmọkùnrin kan tí a ń pè ní Àjàyí mọ́ okùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Àjàyí náà ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní 1864. Ọmọ mélòó ni a so mọ́ okùn bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́ orúkọ wọn mọ́? Ní 1830 àwọn Ẹ̀gbá dó sábẹ́ Olúmọ, wọ́n sì kọ́ ọmọ wọn láti máa fi orin yin àpáta náà títí dòní. Adó pẹ̀lú ní Olúmọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa tí a wà níhìn-ín ni ó mọ̀?

Òkè tí kò ní omi, ibojì ni fún ẹni tí a bá dó tì. Nítorí náà ni Ìyákẹ̀ ṣe ṣe pàtàkì. Adágún omi ni, lórí àpáta lókè pátápátá, nínú kòtò tí òkúta ti ṣe fúnra rẹ̀. Òjò ni ó ń kún un, àpáta kò sì jò. Àwọn ará ìlú sọ pé kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀tá lè dí ọ̀nà oko mọ́ ará Adó, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kò lè dí ọ̀nà omi.

Bàbá ń pe orúkọ bí a ti ń lọ. Ìṣagẹ, àpáta gíga tí ó nàró lórí àpáta mìíràn bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lè tì í ṣubú, tí wọ́n ń bẹ̀ fún òjò nígbà ọ̀dá. Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, níbi tí ihò wà lójú àpáta bí ipa ẹsẹ̀. Ìyá Aláró. Agbọ́mọfúnyákẹ̀, ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò ìtumọ̀ èyí, ara rẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ ṣe gìrì. Mo ń kọ wọ́n sínú ìwé. Nígbà tí Bàbá fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe létí omi náà láyé àtijọ́, ọmọ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní: “Ẹ má kọ ìyẹn, ìbọ̀rìṣà ni.” Bàbá dákẹ́. Kò sì sọ ọ́ mọ́ títí a fi sọ̀kalẹ̀.

Mo mọ̀ pé Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wa. Èmi pàápàá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kò wá sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó bọ òkè. Ṣùgbọ́n èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà nínú mímọ ohun tí baba ẹni ṣe kí ó tó yè?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wí lónìí pé irú adágún yìí méjì péré ni ó wà láyé, pé èkejì wà ní Colorado, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní Hanging Lake. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Omi tí ń ṣàn láti òkè ni ó bọ́ adágún Amẹ́ríkà náà, ẹfun tí omi ń kó wá ni ó sì dì bí bèbè yí i ká. Tiwa, omi òjò nínú òkúta akọ ni. Kí á sì má gbàgbé pé adágún orí òkè pọ̀ káàkiri ayé. Adó kò nílò kí á fi irọ́ ṣe ọ̀ṣọ́ fún un. Ohun kan wà síbẹ̀ tí mo fẹ́ kí á kọ́ lára àwọn ará Amẹ́ríkà. Nígbà tí èrò pọ̀ jù níbẹ̀, láti 2019 ni wọ́n ti ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, tí wọn kò sì jẹ́ kí ó ju 615 lọ lójúmọ́. Wọ́n fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí òróró ara ènìyàn ń ba ẹfun náà jẹ́. Ní Adó, èèwọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ òfin yẹn kí a tó dá ìjọba Colorado sílẹ̀. A wá ń fi èèwọ̀ rẹ́rìn-ín, a kò sì fi òfin rọ́pò rẹ̀. Mo rí orúkọ ènìyàn tí a fi ọ̀dà kọ gàdàgbà sára àpáta, mo sì rí ike omi tí ó léfòó. Àwọn tí ó ṣe é kò ya ààfin kí wọ́n tó gòkè, mo lè fi èyí búra.

Ẹ wo Òkèhò. Ìletò 11 ni ó para pọ̀ di ìlú kan láàrin òkè nítorí ogun. Ní 1916 ni wọ́n dìde pẹ̀lú Ìsẹ́yìn sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1917 ìjọba náà fi dandan kó gbogbo wọn kúrò níbẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà títí di òní. Àwọn ọmọdé tí ó ru ẹrù sọ̀kalẹ̀ lọ́dún náà ti lọ tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orúkọ àpáta kọ̀ọ̀kan ní Òkèhò Ahoro, ta ni yóò bi í?

Nítorí náà, Ọ̀gbẹ́ni Alága, ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo mú wá. Èkínní, kí àwọn olóyè wa bá Aláàdó sọ̀rọ̀, kí á lè mọ ìrànlọ́wọ́ tí ààfin ń fẹ́ láti fi tọ́jú òkè náà. Èkejì, kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta, kí obìnrin kan wà nínú wọn nítorí àwọn ìyá kì í sọ ohun gbogbo fún ọkùnrin, kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn àgbà Adó ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí wọ́n sì kọ orúkọ àti ìtàn sílẹ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ. Ìwé tèmi nìyí. Orúkọ 11 ni ó wà nínú rẹ̀; méjì wà nínú wọn tí Bàbá àti ọmọ rẹ̀ kò fi ẹnu kò lé lórí, mo sì kọ tàwọn méjèèjì. Ojú ìwé kan wà tí mo fi sílẹ̀ lófìfo, fún ohun tí Bàbá kò sọ tán. Mo fi í lé akọ̀wé lọ́wọ́.