Bí Òjò Bá Ṣú Tí Àyà Ń Já
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé sọ ní ibùdó

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti tapólì la sábà máa ń bá yín sọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ni.

Bí a ṣe ń yí ká ibùdó, ohun kan náà la ń gbọ́. Òjò á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣú, àyà á ti máa já. Oorun ò wá. Bàbá tí kì í bínú tẹ́lẹ̀ ń jágbe mọ́ ìyàwó. Ọmọ tó ti fi títọ̀ sórí ẹní sílẹ̀ tipẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń bi wá bóyá ìgbàgbọ́ àwọn ni kò tó, tàbí bóyá ayé ló ń ṣe àwọn. Rárá o. Orí yín ò dàrú, ìgbàgbọ́ yín ò sì yẹ̀. Ara yín ló ń ṣe iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá a fún, àmọ́ kò tíì gbà pé omi ti lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí ewu bá dé, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín. Wọ́n á tú oje kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á sáré, èémí á yá, agbára á dé ẹsẹ̀ àti apá. Òmíràn, cortisol, á tẹ̀lé e, á mú kí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí agbára má bàa tán. Òun ló ran ìyá lọ́wọ́ tó fi gbé ọmọ méjì la omi kọjá lóru.

Ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í gbàgbé. Ó ti so ìró òjò lórí páànù àti òórùn ẹrẹ̀ mọ́ ewu. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí ara bá ń wà lójúfò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, oorun á dínkù, ẹ̀jẹ̀ lè máa ru, ìbínú á sì súnmọ́ tòsí.

Kí la lè ṣe? Èkínní, bí àyà bá ń já, ẹ jókòó. Ẹ fi imú mí wọlé, kí ẹ ka 1 dé 4. Ẹ rọra mí jáde, kí ẹ ka 1 dé 6. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mímí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń jẹ́ kí ọkàn dẹ ìsáré.

Èkejì, ẹ má na ọmọ tó tọ̀ sílé, ẹ má sì fi ṣẹ̀sín. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ jẹ́ kó sùn sí ẹ̀gbẹ́ yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ fún ìbẹ̀rù níṣẹ́ ṣe. Kì í ṣe àsọdùn: omi Ògùnpa pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn lọ́dún 1980. Nítorí náà, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti pinnu ẹni tí yóò gbé ọmọ, ibi tí ìwé wà, àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà jáde.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi ipá mú ẹnikẹ́ni sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Àwa náà ṣe àṣìṣe yìí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ń bi yín lórí ìlà, lójú gbogbo èèyàn, nípa ohun tí ẹ pàdánù. Ẹ forí jì wá. A ti ṣíwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a wà níbí láti gbọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí omi gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ rẹ̀ lọ, kó sọ fún nọ́ọ̀sì lónìí.

Ara ọ̀pọ̀ yín máa balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lé ní oṣù kan tí ẹnì kan ò tíì lè sùn tàbí ṣiṣẹ́, ẹ mú un wá. Bí ẹnì kan bá sì ń sọ pé ikú yá ju èyí lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ mú un wá lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru.

Àdúrà àti ìtọ́jú kì í bá ara wọn jà. A wà lábẹ́ àtíbàbà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Olúwa á mú kálukú padà sílé ní àlàáfíà.