Pípẹ́ Dé Ilé Ìwé àti Ìpawọ́jẹ: Ojúṣe Òbí àti Alágbàtọ́ nínú Ìsìláàmù

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí, alágbàtọ́ àti ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní ìlú Awo, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Bismillāhi-r-Raḥmāni-r-Raḥīm.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi òru ṣe ìsinmi, tí ó sì fi ọ̀sán ṣe àkókò wíwá ìjẹ àti ìmu. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn ní ọ̀nà dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ẹni tí ó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, ìbáà jẹ́ ní Awo, ní Ìdó-Ọ̀ṣun tàbí ní Ẹdẹ, yóò rí àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré bọ̀ nígbà tí agogo ti dún, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn sì ti tò sórí ìlà. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo gbogbo wọn: ọ̀lẹ, olóorun. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo wọn ni oorun gbé lọ. Púpọ̀ nínú wọn ti jí ṣáájú olùkọ́ tí yóò nà wọ́n. Wọ́n ti pọn omi, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti kiri àkàrà tàbí ẹ̀kọ dé àdúgbò méjì, wọ́n sì ti kó owó rẹ̀ padà fún ẹni tí ó rán wọn, kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ilé ìwé wà. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àgbà ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú hádíìsì Abdullahi ọmọ Umar, tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì (SAW) fi yé àwọn onígbàgbọ́ pé darandaran ni olúkúlùkù, àti pé wọn yóò bi í léèrè nípa ohun tí ó ń dà. Darandaran tí kò tètè ṣí ọgbà kò lè bá ẹran wí pé wọn kò tètè dé pápá.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò fi àkókò ṣeré. Nínú Sūratu-n-Nisā’, āyah 103, Ọlọ́hun fi hàn pé ọ̀ranyàn tí ó ní àkókò ni ìrun kíkí. Ààwẹ̀ ní oṣù tirẹ̀, Hájì ní ọjọ́ tirẹ̀, Sàká sì ń dúró de ìgbà tí ọdún bá yí po lórí owó. Ẹni tí ó ti ń fi ìrun márùn-ún ka wákàtí láti kékeré, kí ni yóò tún sọ pé òun kò mọ ìgbà tí aago mẹ́jọ lù? Ní agbègbè Ọ̀ṣun, àkókò Àsùbá máa ń parí pẹ̀lú yíyọ oòrùn, bíi aago mẹ́fà ààbọ̀ tàbí kí ó sún díẹ̀. Ilé tí ó bá kí Àsùbá ní àkókò rẹ̀ ti ní ju wákàtí kan lọ lọ́wọ́ kí agogo ilé ìwé tó dún. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni pé àwọn kan a kí ìrun, wọn a padà sórí ẹní, oòrùn a sì bá wọn níbẹ̀. Ànábì (SAW) tọrọ ìbùkún fún ìjọ rẹ̀ nínú àárọ̀ kùtùkùtù wọn. Sakhr al-Ghāmidī, Sàhábé tí ó gba hádíìsì náà wá, oníṣòwò ni. Ó fi í ṣe iṣẹ́, ó ń rán ọjà rẹ̀ jáde ní kùtùkùtù, ọrọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Kò gbọ́ ọ tán kí ó tún sùn.

Àwọn kan máa ń rò pé bí ọmọ bá ṣá ti ní làákàyè, bí ó bá pa ilé ìwé jẹ díẹ̀, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wo Abu Hurayra. Ó pẹ́ kí ó tó gba Ìsìláàmù, nítorí ọdún keje Híjírà ni ó dé ọ̀dọ̀ Ànábì, síbẹ̀ kò sí Sàhábé tí hádíìsì tí ó gbà wá pọ̀ tó tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn bi í léèrè bí ó ṣe rí i ṣe, ìdáhùn rẹ̀ kò lọ sórí ọpọlọ rẹ̀ lásán. Ohun tí ó tọ́ka sí ni pé nígbà tí ọjà ń gba àkókò àwọn Muhājirūn, tí oko sì ń gba ti àwọn Ansār, òun kò kúrò lọ́dọ̀ Ànábì, òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọn kò sí. Wíwà níbẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ó jẹ́.

Umar ọmọ Khattāb ní tirẹ̀ ní iṣẹ́ lọ́wọ́, apá òkè Mọ̀díínà ni ó sì ń gbé. Ó bá aládùúgbò rẹ̀ kan nínú àwọn Ansār ṣe àdéhùn: èyí yóò lọ sọ́dọ̀ Ànábì lónìí, òmíràn yóò lọ lọ́la, ẹni tí ó bá lọ yóò sì sọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ fún èkejì ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò rí i pé Umar kò jẹ́ kí ọjọ́ tí òun kò lọ ṣòfò? Ọmọ tí ibà dá dúró sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ wá ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ní àdúgbò, kí ó ya ìwé rẹ̀, kí ọmọ náà da ohun tí wọ́n kọ sínú tirẹ̀. Èyí kò náni ní kọ́bọ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìjọ Mùsùlùmí lápapọ̀ ti pẹ́ dé ilé ìwé rí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọwọ́ àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé wà, ọmọ tí ó wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí lè jáde pẹ̀lú orúkọ mìíràn àti ẹ̀sìn mìíràn. Ìjọba gbìyànjú láti ṣí ilé ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó ní 1896, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí ó di 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì ń kọ́ ilé ìwé tiwọn pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì, 1955, iye ọmọ tí wọ́n wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000. Àwọn àgbàlagbà kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́fà: ọmọ yóò na apá rẹ̀ kọjá orí láti fi ọwọ́ kan etí òdìkejì. Àwọn kan nínú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan etí ni bàbá rẹ̀ tún mú padà sí oko. Àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí náà ni wọ́n ń ní kí ọmọ-ọmọ ka lẹ́tà fún wọn lónìí. Owó àti òógùn àwọn aṣáájú ni wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn yìí fún ọmọ Mùsùlùmí. Ìnira ńlá ni kí ilẹ̀kùn ṣí tán, kí ó tún wá jẹ́ ìgbà tí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ bá parí ni ọmọ yóò máa gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìyá tí ń ná ọjà ọrún, tí ó sì ń dá ọmọ dúró ní gbogbo ọjọ́ ọjà kí ó lè bá a ru ẹrù, a máa sọ pé ọjọ́ kan péré ni. Ọjà ọrún kì í dúró lórí ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń yí padà, bí Yorùbá tilẹ̀ ń ka ọjọ́ tí wọ́n ná an mọ́ ọn tí wọ́n fi ń pè é ní ọrún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìgbà méje ni yóò wáyé, yóò sì bọ́ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan. Márùn-ún nínú rẹ̀ yóò bọ́ sí ọjọ́ ilé ìwé. Ọjọ́ ilé ìwé nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò ju 20 lọ. Márùn-ún nínú ogún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà tí ọmọ fi wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún kan ààbọ̀ ni ọjà ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sọ pé ọmọ kò mọ̀wé, àwọn kan yóò tilẹ̀ máa fura sí ìyá àgbà.

Ti ìṣẹ́jú náà kò yàtọ̀. Ọmọ tí ó ń pẹ́ ní ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́ ń pàdánù ìṣẹ́jú 100 lọ́sẹ̀. Bí sáà kan bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12, wákàtí 20 ni. Sáà mẹ́ta á sì jẹ́ wákàtí 60. Bí wákàtí mẹ́fà bá jẹ́ ọjọ́ kan nílé ìwé, ọjọ́ mẹ́wàá ni ìyẹn, odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ kan náà ni ó sábà máa ń pàdánù. Àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń kọ́ ìṣirò, nígbà tí ọpọlọ ṣì tutù. Ọmọ yìí á mọ ìtàn, á mọ ẹ̀kọ́ ìlera, ìṣirò nìkan ni yóò máa fò ó.

Ó kan àwọn olùkọ́ náà. Ní àwọn ilé ìwé kan, pàṣán ni ó ń kí ọmọ tí ó bá pẹ́ káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ẹgba mẹ́fà ń dúró de òun kì í sáré mọ́. Yóò yà sí abẹ́ igi máńgòrò tàbí ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́, yóò wà níbẹ̀ di ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń bọ̀, yóò sì bá wọn wọlé bí ẹni tí ó ti ilé ìwé dé. Báyìí ni ìṣẹ́jú 20 ṣe ń di odindi ọjọ́, tí ọmọ tí kì í sá ní ilé ìwé ṣe ń di ìsáǹsá. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ gba ọmọ wọlé, kí ó kọ́ ọ, kí ó sì béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó rán ọmọ náà.

Ìròyìn kan wà nínú Musnad Imāmu Ahmad nípa àwọn ẹrú ogun Badr tí wọn kò ní owó ìràpadà, tí Ànábì (SAW) fi kíkọ́ àwọn ọmọ Ansār ní ìwé kíkọ ṣe ìràpadà wọn. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kan sunkún wá bá bàbá rẹ̀ pé olùkọ́ òun na òun, bàbá náà sì búra pé ọmọ òun kò ní padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí ó rò pé ẹ̀san Badr ni ọkùnrin náà ń gbà. Bàbá yẹn ní àwíjàre, ọ̀tá ogun àná ni olùkọ́ ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ òde òní kì í ṣe ẹrú Badr. Bí ìyà bá pọ̀ jù, ìpàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n má fa ọmọ yọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ ni ti alágbàtọ́. Ilé kan wà tí ọmọ bíbí inú ilé ti wẹ̀, tí ó ti jẹun, tí ó sì ti kọjá lọ, nígbà tí ọmọ tí wọ́n gbà tọ́, tí òun náà wọ aṣọ ilé ìwé kan náà, ṣì ń fọ ìkòkò. Nígbà tí ó bá dé ilé ìwé, ẹjọ́ òun nìkan ni wọ́n ń dá. Bí ó bá jẹ́ ọmọ òrukàn ni, kí alágbàtọ́ náà ka Sūratu-n-Nisā’, āyah 10, kí ó rí ohun tí Ọlọ́hun sọ nípa ẹni tí ń jẹ dúkìá ọmọ òrukàn ní ọ̀nà àbòsí, pé iná ni ó ń jẹ sínú. Àwọn kan yóò sọ pé ọmọ náà kò ní dúkìá kankan, bàbá rẹ̀ kò fi ilé sílẹ̀, kò fi oko sílẹ̀. Òwúrọ̀ ayé rẹ̀ ńkọ́? Òun ni gbogbo ogún tí ó ní. Ẹni tí ó fi àárọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ta ẹ̀kọ, kí ó wò ó bóyá kì í ṣe dúkìá ọmọ òrukàn ni òun ń jẹ. Kí iṣẹ́ ilé kárí gbogbo ọmọ. Èyí tí kò bá lè parí ní àárọ̀, kí ó di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn Mùsùlùmí tún ní àìṣedéédéé tiwọn. Wọ́límọ́tù ní ọjọ́bọ̀, yìgì ní ọjọ́ ẹtì, ìsìnkú àti àdúà ọjọ́ kẹjọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó ọmọ ilé ìwé lọ, nígbà tí ọjọ́ àbámẹ́ta wà tí kò ṣe nǹkan kan. Ní oṣù Ramadan, àwọn ìdílé kan a jí sààrì, wọn a sì sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Kí àwọn ọmọ tètè sùn lẹ́yìn Àsámù, kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Àwọn àáfà kan sì ń fi òwúrọ̀ dá ọmọ dúró sí ilé kéú, wọ́n ń sọ pé ilé ìwé ìjọba a máa ba ìgbàgbọ́ jẹ́. Sheikh Ādam Abdullāhi al-Ilūrī, tí ó dá Markaz sílẹ̀ ní 1952, tí ó sì kú ní 1992, ọ̀nà kíláàsì, àkókò àti ìwé ẹ̀rí ni ó fi tún ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ṣe. Ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ tó fún kéú bí àáfà náà bá tètè dé.

Ti òfin ìjọba, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 sọ ọ́ di dandan fún òbí kí ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele kékeré ilé ìwé girama, kí ó sì parí rẹ̀. Ìkìlọ̀ ni ti ẹ̀bi àkọ́kọ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́ ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan tàbí méjèèjì. Owó yẹn kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́. Ìbéèrè Ọlọ́hun ni kí òbí bẹ̀rù.

Ó sì yẹ kí ìjọ Mùsùlùmí mọ̀ pé àwọn kan wà tí kì í ṣe àìbìkítà ni ó dá ọmọ wọn dúró. Bàtà ni kò sí, tàbí aṣọ ilé ìwé kan ṣoṣo tí kò tíì gbẹ. Mọ́ṣáláṣí tí ń gba Sàká, tí ó sì mọ àwọn aláìní àdúgbò rẹ̀, kí ó wádìí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má dúró di ìgbà tí wọ́n bá lé e wálé.

Ní ti ilé kọ̀ọ̀kan, alẹ́ ni àárọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fọ aṣọ, kí wọ́n pọn omi, kí wọ́n to ìwé sínú àpò kí ọmọ tó sùn. Bí ara ọmọ kò bá yá, kí wọ́n ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Kí wọ́n má ṣe gba ti àwọn tí ń sọ pé wọn kì í kọ́ nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé bá kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tí kò lọ ni kì í kọ́ nǹkan.

Bí sáà bá sì parí, tí ọmọ mú káàdì èsì rẹ̀ dé, ipò tí ó gbà ni gbogbo ènìyàn ń sáré wò. Ìlà kan wà nínú ọ̀pọ̀ káàdì bẹ́ẹ̀ tí ó sọ iye ìgbà tí ilé ìwé ṣí àti iye ìgbà tí ọmọ wà níbẹ̀. Àárọ̀ àti ọ̀sán ni wọ́n ń pe orúkọ, nítorí náà ìgbà méjì ni ọjọ́ kan. Kí bàbá kọ́kọ́ wo ìlà yẹn. Bí kò bá mọ̀wé kà, kí ó ní kí wọ́n kà á fún òun. Bí ilé ìwé bá ṣí ní ìgbà 120, tí ọmọ wà níbẹ̀ ní ìgbà 84, ọjọ́ 18 ni kò sí níbẹ̀. Kí ó jókòó ti ọmọ náà àti ìyá rẹ̀, kí wọ́n jọ ka àwọn ọjọ́ náà níkọ̀ọ̀kan, kí ó mọ ibi tí ọmọ wà àti ẹni tí ó rán an níṣẹ́.