Omi Tí Kankéré Wa Ń Lé Jáde, Níbo Ni Ó Ń Lọ?

Ọ̀rọ̀ iwájú ilé ni a fẹ́ sọ lónìí. Ó ti di àṣà láàrin wa pé bí owó díẹ̀ bá bọ́ sí ọmọ agboolé lọ́wọ́, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe fún ilé bàbá rẹ̀ ni pé kí ó da kankéré sí iwájú rẹ̀, kí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà lè rí ọ̀nà wọlé, kí ẹrẹ̀ má sì máa yọ àwọn àgbà ṣubú. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi ara wa kí a tó ra àpò sìmẹ́ǹtì kan ṣoṣo: omi tí ilẹ̀ yìí ti ń mu tẹ́lẹ̀, ibo ni yóò gbà lọ?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan ni. Bí iwájú ilé yín bá gùn ní mítà 10, tí ó fẹ̀ ní mítà 5, òjò mìlímítà 20, tí kì í ṣe àjèjì sí Ìbàdàn nígbà òjò, yóò da lítà 1,000 sí orí rẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù ńlá márùn-ún ni ìyẹn, a kò sì tíì ka omi tí ó ń já bọ́ láti orí páánù mọ́ ọn. Nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀, ilẹ̀ a mu nínú rẹ̀, koríko a sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Kankéré kì í mu, kì í sì í fà á sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ta ni ó ń tì í sí? Ẹ wo bí ìlú wa ti tò. Orí òkè ni Gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní 1929, dúró sí. Bí a bá ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, yálà a kọjú sí Ọjà'ba tàbí a kọjú sí Bẹẹrẹ, ìsàlẹ̀ ni à ń lọ. Ní Beyerunka àti àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀, agboolé fara ti agboolé, ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan sì ni iwájú ilé ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà, amọ̀ ni ògiri wọn. Sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ẹ lójú ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Bí omi bá ń gbá ẹsẹ̀ irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní òjò kan sí èkejì, amọ̀ náà yóò rọ̀ láti ìsàlẹ̀, nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì ń dán. Lọ́jọ́ tí yóò bá wó, kì í kìlọ̀ fún ẹni tí ó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n báwo ni onílé ìsàlẹ̀ yóò ṣe kọ̀ fún un, bí ó bá jẹ́ pé onílé òkè ni ó là á lọ́nà?

Omi tí ó kọjá lára àwọn ilé wọ̀nyí, inú odò Ògùnpa àti Kúdẹtì, pẹ̀lú àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn wọ inú wọn, ni ó ń parí sí. Kò sí àgbà Ìbàdàn tí ó gbàgbé August 31, 1980, ọjọ́ Ògùnpa. Àwọn tí kò tíì dáyé nígbà náà rí tiwọn ní August 26, 2011, ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú ọjọ́ mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn Ramadan. Òjò ọjọ́ náà ju mìlímítà 180 lọ láàrin wákàtí díẹ̀. Lórí iwájú ilé kékeré tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, dúrọ́ọ̀mù 45 ni. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú, afárá wó, ilé lọ. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó tí ó tó mílíọ̀nù 200 dọ́là láti ran Ìbàdàn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ omíyalé. A kò sọ pé kankéré iwájú ilé ni ó fa gbogbo ìyẹn. Ìdọ̀tí tí à ń dà sódò àti ilé tí a kọ́ sí ojú odò ní ìpín ńlá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé bá ń ti omi wọn jáde ní ìṣẹ́jú kan náà, odò tí ó ti dí kò lè gbà á.

Ó wà nínú Àdíìsì pé Zubayr àti ọkùnrin kan nínú àwọn ará Mẹ̀dínà jà lórí ojú omi tí wọ́n fi ń bu omi rin ọ̀pẹ dàbínù wọn. Oko Zubayr ni ó wà lókè. Ìdájọ́ Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ni pé kí Zubayr lo omi náà, kí ó sì jẹ́ kí ó kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Omi tí wọ́n ń wá ni wọ́n jà lé lórí. Omi tí a ń lé ni tiwa. Síbẹ̀, ẹni tí ó wà lókè ni a kọ́kọ́ bá wí nínú méjèèjì.

Kí ni kí á wá ṣe? Kí a tó pe bíríkìlà, kí a kọ́kọ́ jáde nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí a wo ibi tí omi ń gbà. Bí gọ́tà ìjọba bá wà nítòsí, ibẹ̀ ni kí a darí rẹ̀ sí. Bí kò bá sí, kí a lọ jókòó pẹ̀lú onílé ìsàlẹ̀, kí a jọ fẹnu kò sí ojú kan tí omi yóò máa gbà láàrin ilé méjèèjì, kí a sì jọ náwó sí i. Bíríkìlà tí ó bá sọ pé omi yóò mọ ọ̀nà ara rẹ̀, òótọ́ ni ó sọ. Ògiri aládùúgbò ni ọ̀nà náà.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló kù. Fún mítà kọ̀ọ̀kan tí a bá rìn kúrò lẹ́bàá ògiri ilé, kí ojú kankéré fi sẹ̀ǹtímítà méjì rẹlẹ̀ sí i. Ní mítà márùn-ún, sẹ̀ǹtímítà 10 ni, ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ojú lásán kò tó láti fi wọ̀n ọ́n. Rọ́bà tí a ń rí inú rẹ̀, tí a bu omi sí, ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, nítorí omi orí rẹ̀ méjèèjì kò ní ṣàìdọ́gba. Bí ilẹ̀ bá dà sí ìhà ilé fúnra rẹ̀, kí a la gọ́tà síwájú ẹnu ọ̀nà, kí omi má bàa wọlé tọ ẹni tí ó da kankéré wá. Kí gọ́tà fẹ̀ tó èyí tí ṣọ́bìrì lè wọ̀, kí ìdérí rẹ̀ sì ṣeé ṣí. Gọ́tà tí a fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ pa, ilé eku àti ẹ̀fọn ni.

Kò di dandan kí a da gbogbo rẹ̀. Ojú táyà méjì tó fún ọkọ̀. Kí a fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí koríko sí àárín. Omi òrùlé, kí a gbà á sínú dúrọ́ọ̀mù, ó dára fún àlùwàlá àti aṣọ fífọ̀. Àwọn kan a máa gbẹ́ ihò, wọn a kó òkúta sí i, kí omi lè máa rì síbẹ̀. Ó dára níbi tí ilẹ̀ ti jìn, ṣùgbọ́n níbi tí àpáta ti wà nítòsí, ihò náà yóò kún ní òjò kan. Kí ó má sì sún mọ́ ìpìlẹ̀ ilé, kànga tàbí ṣáláńgá.

Ẹ jẹ́ kí a fi mọ́sálásí wa kún un. Ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá ni omi rẹ̀ ń ṣàn gba ojú ọ̀nà níwájú ilé àwọn ènìyàn lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ gbẹ.

Bí iṣẹ́ bá parí, kí a máa bu omi wọ́n kankéré náà fún ọjọ́ méje kí ó lè gan dáadáa. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá sì rọ̀ tán, kí onílé òkè sọ̀ kalẹ̀ lọ kí onílé ìsàlẹ̀, kí ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀, kí ó mọ̀ bóyá ó tutù.