Àtúnṣe Ilé fún Ọmọ Tí Ọ̀daràn Ń Dọdẹ

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí àti àgbà ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìdílé Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kan àwọn ẹbí wọn nílé. Bí ọmọ bá yà bàrá lọ́hùn-ún, ilé ìyá àgbà ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rò pé àwọn yóò gbé e lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dọdẹ ọmọ. County lines ni wọ́n ń pe òwò náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oníṣòwò oògùn olóró láti Lọ́ńdọ̀nù, Birmingham tàbí Liverpool a máa fi nọ́ńbà tẹlifóònù kan ta heroin àti crack cocaine ní àwọn ìlú kéékèèké, ọmọdé ni wọ́n sì fi ń gbé ẹrù. Wọn kì í sábà fi ipá bẹ̀rẹ̀. Bàtà tuntun, oúnjẹ lẹ́yìn ilé-ìwé, àti ẹni tó ń pè é ní àbúrò ni wọ́n fi ń mú un. Nígbà tó bá yá, àwọn kan náà a rán èèyàn lọ ja ẹrù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọn a sì ní gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọmọ ọdún 14 a wá máa fi iṣẹ́ san gbèsè tí kò jẹ. Òfin ìfinisẹ́rú òde òní tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2015 fàyè gbà á pé kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi èyí gbèjà ara rẹ̀ nílé ẹjọ́.

Bàbá wà níbi iṣẹ́ òru, ìyá ti jáde láàárọ̀ kùtù. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí ọ̀bẹ lábẹ́ ibùsùn, igbe àti pàṣán ló ń tẹ̀lé e, bàbá a sì ní kí ó kúrò nílé òun. Ohun tí ọ̀daràn ń retí gan-an nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ra bàtà ni ọmọ náà yóò sá lọ.

Ìdí nìyí tí ìtọ́jú ìdílé fi yàtọ̀ sí ìbáwí ọmọ nìkan. Ọ̀kan lára rẹ̀, Functional Family Therapy, bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ James Alexander àti Bruce Parsons ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí wọn jáde ní 1973. Ọmọ ọdún 11 sí 18 ni ó wà fún, pẹ̀lú gbogbo ilé rẹ̀: nǹkan bí ìjókòó 12 sí 14, láàárín oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Olùtọ́jú kì í kọ́kọ́ wá ẹni tó jẹ̀bi. Bí bàbá bá ń bú ọmọ, ó lè bi í pé ṣé kì í ṣe ìbẹ̀rù pé òkú ọmọ ni wọn yóò gbé wá bá a ló ń mú un pariwo. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn tí ìbínú bá rọlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ bí wọn yóò ṣe máa bára wọn sọ̀rọ̀, bí wọn yóò ṣe máa mọ ibi tí ọmọ ń lọ, àti bí wọn yóò ṣe bá a wí láìlé e jáde. Luqman, nínú sura tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, pe ọmọ rẹ̀ ní ọmọ òun lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìmọ̀ràn kan ṣoṣo.

Kì í ṣe ajẹ́bíidán o. Ìwádìí kan lórí ẹbí 684 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2018, rí i pé oríṣi ìtọ́jú ìdílé mìíràn, Multisystemic Therapy, kò ta ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá yọ. Olùtọ́jú kò sì lè pa gbèsè ọ̀daràn rẹ́; iṣẹ́ ọlọ́pàá wà níbẹ̀.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ òbí dúró ni ìtìjú, pé kí ni wọn yóò wí ní mọ́sálásí. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù pé ìjọba yóò gba ọmọ náà lọ́wọ́ òun, ìbẹ̀rù yẹn kò sì jẹ́ ti òmùgọ̀. Wọn a wá gbé ọmọ wá sílé ní ìdákẹ́jẹ́. Ó lè jìnnà sí ọ̀daràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tó fi sílẹ̀ kò yí padà, àbúrò rẹ̀ sì ń dàgbà nínú rẹ̀. Ní Utah, wọ́n tọpa àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́jú pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1977: ìpín 20 nínú 100 wọn ló dé ilé ẹjọ́, nígbà tó jẹ́ 40 nínú 100 ní ìdílé tí kò rí ìtọ́jú.