Ẹ Ka Ìwé Yín Kí Ẹ Tó Kúrò Níwájú Akọ̀wé

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn tí yóò dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ sọ ní Bouaké

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ìsọ̀ wá, tí ìyá wọn sì ti ní kí wọ́n tètè padà. N kò ní pẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé àpótí ìbò jáde kọ́ ni ìbò ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí akọ̀wé kọ orúkọ yín sínú ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ará Ẹ̀jìgbò ni bàbá mi, Baoulé ni ìyá mi, Bouaké níbí ni wọ́n bí mi sí. Ṣ wà nínú orúkọ ilé wa. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ṣ máa ń dà nínú ìwé Faransé. Ẹ mú orúkọ bíi Adéṣínà: akọ̀wé kan á kọ ọ́ ní Adechina, èkejì á kọ ọ́ ní Adeshina, ẹ̀kẹta á kọ ọ́ ní Adessina. Létí wa, ẹnì kan náà ni. Lójú ìwé, èèyàn mẹ́ta ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Nígbà tí mo fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ilẹ̀ yìí ni mí, orúkọ orí extrait mi kò bá ti orí ìwé bàbá mi mu. Akọ̀wé wo méjèèjì, ó tì wọ́n padà sí mi, ó ní ilé-ẹjọ́ ni kí n lọ. Mo lọ, mo bọ̀, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí àtúnṣe náà tó jáde, ìforúkọsílẹ̀ ti parí. Ìdìbò ìlú ti ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, tí a fi yan àwọn tí yóò máa bójú tó ọjà wa àti àdúgbò wa, kọjá lójú mi.

Bàbá mi jẹ́wọ́ fún mi pé òun rí àṣìṣe náà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Èrò pọ̀ lẹ́yìn òun, akọ̀wé ti ń kanra, Faransé òun kò sì dá òun lójú. Ó ní, "Mo ní kí n má bá a fa ọ̀rọ̀." Ọdún 18 ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn fi dúró dè mí.

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Akọ̀wé kò mọ ilé wa, aago ló ń wò. Àwa ni ká bá a wò ó.

Ọ̀rọ̀ tiyín tilẹ̀ le ju tèmi lọ. Ẹni tó pé ọdún 18 ní 2025, ọdún 2007 ni wọ́n bí i. Láti ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 ni Bouaké ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba sì sá lọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ìdánimọ̀ gan-an wà lára ohun tó dá ogun náà sílẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2007 ni wọ́n dáná sun ohun ìjà ní pápá ìṣeré wa níbí, láti fi hàn pé àlàáfíà dé. Àwọn adájọ́ wá ń lọ láti ìlú dé ìlú láti fún àwọn tí kò níwèé ní ìwé; audiences foraines ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí nígbà náà, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n tó rí orúkọ wọn kọ sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ pẹ̀lú ìkánjú láàárín èrò, ó yẹ ká tún un kà.

Mo mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ.

Wọ́n ní, "Ayé ẹ̀rọ la wà, ẹ̀rọ á tún un ṣe." Lóòótọ́, ẹ̀rọ ń gba ìka, ó ń ya fọ́tò. Ó lè sọ pé ìka yín ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n bá tẹ̀ sí i ló máa pè padà. Ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ BVAS ń dá ojú àti ìka mọ̀ nínú ìdìbò ọdún 2023, síbẹ̀ ẹni tí káàdì ìdìbò rẹ̀ kò tíì dọ́wọ́ rẹ̀ kò lè dìbò.

Wọ́n ní, "Ẹ wá margouillat kan, á bá yín sáré ṣe é." Orúkọ yẹn yẹ wọ́n, nítorí bí alángbá ni wọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Nígbà tí káàdì ìdánimọ̀ tuntun dé ní ọdún 2020, iye tí ìjọba ní kí a san ni 5,000 F CFA. Ìforúkọsílẹ̀ fún ìbò, ọ̀fẹ́ ni. Bí ìwé tí ẹni náà bá mú wá bá jẹ́ ayédèrú, orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe tiẹ̀.

Wọ́n tún ní, "Àkókò ṣì wà." Ìforúkọsílẹ̀ ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá, ó parí ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá. Ìdìbò ààrẹ wáyé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tó ń dúró de ọdún ìdìbò kó tó wá ìwé, ọjà ti tú kó tó dé.

Ta wá ló lè dìbò? Ọmọ ilẹ̀ Côte d'Ivoire tó ti pé ọdún 18. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí nígbà tí wọ́n bí yín, ọmọ ilẹ̀ ni yín. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ àlejò, bíbí tí wọ́n bí yín sí Bouaké nìkan kò tó. Mo mọ̀ pé ó dun àwọn kan níbí, nítorí Nàìjíríà náà kò tíì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun dìbò láti ibẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn wá ìwé èké. Ẹ bá àwọn àbúrò yín tún ìwé tiwọn wò.

Nítorí náà, ní alẹ́ òní, ẹ kó ìwé yín àti ti àwọn òbí yín jáde. Ẹ fi wọ́n wéra: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ibi tí wọ́n bí yín sí, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ fi fóònù ya wọ́n pamọ́. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ lọ sílé-ẹjọ́ nísinsìnyí tí kò sí èrò. Lẹ́yìn tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀, wọn yóò gbé àkọsílẹ̀ tí kò tíì di àṣekágbá jáde. Ìgbà yẹn gan-an ni àyè wà láti wá orúkọ yín kí ẹ sì pè fún àtúnṣe.

Bí ẹ bá sì dé iwájú akọ̀wé, ẹ kọ́kọ́ kí i dáadáa. Èèyàn ni òun náà, ó ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ sọ pé: « S'il vous plaît, est-ce qu'on peut relire ensemble ? » Ìyẹn kì í ṣe àfojúdi.

Ní ọdún tó kọjá, èmi àti bàbá mi lọ gba extrait àbúrò mi. Akọ̀wé na ìwé náà sí wọn, ó pe ẹni tó kàn. Bàbá mi kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n yọ gíláàsì wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àwọn èrò ẹ̀yìn ń kùn. Wọn kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí wọ́n fi kà á tán.